Kì í Ṣe Àìmọ̀kan: Ìtàn Ìwòsàn ní Iléṣà àti Òṣogbo, àti Ọ̀ràn Jẹjẹrẹ Ọmú

Bí a bá bi àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun léèrè ìdí tí àrùn náà fi ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin lọ, ìdáhùn kan náà ni wọn yóò fún wa: àwọn obìnrin pẹ́ kí wọ́n tó wá. Òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2006, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn wọn ló jẹ́ pé àrùn náà ti wọ̀ wọ́n lára gan-an kí wọ́n tó dé: kókó ti tóbi, ó ti dé abíyá, ó ti di egbò, tàbí ó ti ràn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé èyí ni n kò lè gbà: pé àìmọ̀kan ló fà á, pé àgbo, ilé àdúrà àti àṣà àtijọ́ ló de àwọn obìnrin wa mọ́lẹ̀. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ní ìtàn tó gùn ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìtàn náà kò sì gbe ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ibí kì í fi ìwòsàn tí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí falẹ̀. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ pọ̀n lọ, wọ́n á sùn síta dè é. Bí wọ́n bá wá ń fi kókó ọmú falẹ̀, ó yẹ ká wádìí ohun tí wọ́n ti rí nípa rẹ̀ kí a tó sọ pé wọn kò mọ nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Wesley Guild sílẹ̀ ní 1896, ló ń dá owó jọ láti gbé e ró, iṣẹ́ náà sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe nígbà náà kò pọ̀. Pẹnisílíìnì kò tíì sí. Ó di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì kí ó tó máa tàn kálẹ̀. Wọ́n lè fọ egbò, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ ìpá, wọ́n lè gbẹ̀bí obìnrin tí ìrọbí rẹ̀ ta kókó. Ní ti ọmú, àìsàn tí gbogbo abiyamọ mọ̀ ni eéwo ọmú: á wú, á máa gbóná, á máa ta, wọ́n á la á, ọyún á jáde, ìyá á sì máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Kókó jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, kì í gbóná, obìnrin lè fọwọ́ kàn án níbi tó ti ń wẹ̀ kó sì gbàgbé rẹ̀ kó tó nura tán. Ohun tí ìṣègùn òyìnbó sì gbójú lé fún un jù ní gbogbo àgbáyé lásìkò yẹn ni ọ̀bẹ, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí William Halsted bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1882, tí wọ́n á gé ọmú, iṣan àyà àti kókó abẹ́ abíyá dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin Iléṣà tó kọ ọ̀bẹ ní ọdún 1925 kò ṣe ìpinnu aláìgbọ́n. Ohun tí ọ̀bẹ náà lè fún un kò tíì dájú, fún òun àti fún obìnrin London pàápàá.

Ní oṣù July 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ooyè, ní Iléṣà kan náà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́ ìpè rẹ̀ nítòsí Ìkejì-Arákejì ní 1928, ló ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn níbẹ̀. Èrò wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń gba omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ nínú ìjọ Àpọ́sítélì Kristi títí dòní ni pé àwọn aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n gba Òkè Ooyè lọ. Èyí ni àwọn kan máa ń nawọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ ló ba ìwòsàn jẹ́ nílẹ̀ yìí. Ojú mìíràn ni mo fi ń wò ó. Ọdún méjìlá péré ni ìsọjí náà fi tẹ̀ lé àjàkálẹ̀ 1918, lùkúlùkú tó pa ènìyàn kárí ayé, tí dókítà kankan kò rí oògùn rẹ̀. Inú àjàkálẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìsọjí yìí tọ orísun rẹ̀ dé, ti jáde. Àwọn tó lọ sí Òkè Ooyè lọ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé arọ rìn, àwọn aládùúgbò wọn sì ń jẹ́rìí sí i. Nígbà tí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì dé lẹ́yìn náà, tí egbò tó ti jẹ ẹran dé egungun ń jinná lójú wọn, ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ ni wọ́n tún sáré lọ, débi pé ọ̀pọ̀ kò gbà pé wọ́n tọ́jú òun bí wọn kò bá gún òun lábẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Òṣogbo. Obìnrin tó bu omi Ọ̀ṣun ní oṣù August nítorí ọmọ lè wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn Jálẹ́yẹmí tàbí ti ìjọba ní Asùbíarò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì rí ohun tó ta kora nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbìyànjú gbogbo ọ̀nà ń wá ìwòsàn lójú méjèèjì ni. A kò lè pè é ní ẹni tó kọ̀ ọ́.

Ẹ̀rí tó wá lágbára jù lọ ni ti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ ìlú yìí nítorí Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà ṣe pàtàkì jù ú lọ, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa kì í kà nípa rẹ̀ níléèwé. Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé ará Gẹ̀ẹ́sì, dé sí Wesley Guild. Ọdún 1961 ló padà lọ. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan súnmọ́ 300. Èéyi ń pa wọ́n, ikọ́ àwúbì ń pa wọ́n, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ń fa ọwọ́ ara wọn wọlé. Morley rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà tí òun ń dúró de ọmọ tó ń kú lọ, òun yóò máa sin ọmọ ni. Ó gbé ìtọ́jú lọ sí Ìmẹ̀sí fúnra rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fi ṣe òpó iṣẹ́ náà, Margaret Woodland nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ìlú tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà. Oṣooṣù ni ìyá ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wá fún wíwọ̀n, kì í ṣe ọmọ tó ń ṣàìsàn nìkan.

Kádì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí yẹ ní wíwò dáadáa. Páálí kan ni, wọ́n fi ìlà méjì tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ sí i, oṣù kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀ nísàlẹ̀, oṣù tí wọ́n bí ọmọ ló sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn ọmọ tán, nọ́ọ̀sì á fi tódà sàmì síbi ìwọ̀n tó gbé. Bí àwọn àmì náà bá ń gòkè bá ìlà lọ, ara ọmọ ń le. Bí wọ́n bá tẹ́ lọ gbọọrọ lóṣù méjì, ìyá tí kò mọ̀ ọ́n kọ tí kò mọ̀ ọ́n kà á rí i pé nǹkan ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó rí i lójú ọmọ. Ìyá ló ni kádì náà. Ó fi í sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ sílé, ó fi í pamọ́ síbi tó ń fi owó àti ohun iyebíye pamọ́ sí. Àwọn kan kọminú pé àwọn ìyá abúlé á sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ní 1960, Samuel Katz gbé àjẹsára èéyi tuntun tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ ìwádìí John Enders ní Boston wá síbẹ̀, ọdún mẹ́ta kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí àjẹsára èéyi fún àwọn ọmọ tirẹ̀, àwọn òbí sì gbé ọmọ wá. Láàárín ọdún márùn-ún, iye ọmọ tó ń kú láìpé ọdún kan ní Ìmẹ̀sí já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 100 nínú ẹgbẹ̀rún. Kádì tí wọ́n kọ́kọ́ lò níbẹ̀ di èyí tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé. Àwọn ìyá yìí kan náà, ní ìlú yìí kan náà, ni ìyá àti ìyá àgbà àwọn obìnrin tí a ń sọ lónìí pé àìmọ̀kan ló ń pa wọ́n.

Kí ló wá yàtọ̀? Ní Ìmẹ̀sí, ìtọ́jú wà nítòsí, owó rẹ̀ kò ga, obìnrin ẹlẹgbẹ́ ẹni ló ń ṣe é, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé àbájáde rẹ̀ ń rìn nínú ìlú: ọmọ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ń ṣeré lójúde nígbà tí èéyi ń jà. Jẹjẹrẹ ọmú kò ní ọ̀kankan nínú èyí. Ohun tí àwọn obìnrin ibí ti rí pẹ̀lú ojú wọn ni pé arábìnrin kan lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gé ọmú rẹ̀, kò sì pé ọdún méjì tó fi kú. Inú irú ìrírí yìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́jà ti jáde, pé ẹni tí wọ́n bá gé ọmú rẹ̀ kì í pẹ́. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń pe irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbàgbọ́ asán. N kò pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ, wọ́n sì rí i dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ṣì mú: ọ̀bẹ kọ́ ló pa arábìnrin náà, àrùn tó ti ràn kó tó dé abẹ́ ọ̀bẹ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó dúró lóde ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó lọ ní kùtùkùtù tí wọ́n sì yè kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Èyí tó kú, ìlú ló sin ín. Èyí tó yè ń fi aṣọ di àyà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń kíni, ó ń rérìn-ín, aládùúgbò rẹ̀ kò sì mọ̀ láé pé jẹjẹrẹ ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí. Ẹ̀rí ikú nìkan ló ń jáde sí gbangba. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ síwájú adájọ́ tó gbọ́n jù lọ, ẹjọ́ tí àwọn obìnrin ọjà dá náà ni yóò dá.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní àrùn òyìnbó ni, pé kò sí láyé àwọn ìyá wa. Ibi ìkọrúkọ àrùn jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn, tí ọ̀jọ̀gbọ́n George Edington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ti dá wọn lóhùn: ó ń kọ jẹjẹrẹ ọmú sílẹ̀ láti ìgbà yẹn. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló pọ̀ jù ú lọ lára àwọn obìnrin nígbà náà. Ti ọmú ti wá gba iwájú. Ní 2009 sí 2010, 52 nínú 100,000 obìnrin ló ń ní in lọ́dún ní Ìbàdàn, bí wọ́n bá ti ṣírò ìyàtọ̀ ọjọ́ orí mọ́ ọn, èyí sì ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 lọ. Díẹ̀ nínú ìbísí yìí jẹ́ pé à ń rí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀ jẹ́ pé ayé yí padà, ọmọ bíbí dínkù, ìgbà tí à ń fún ọmọ lọ́mú kúrú, ẹ̀mí sì gùn ju ti ìgbà yẹn lọ. Ní 2020, àwọn tó ń ṣírò jẹjẹrẹ fún àgbáyé fojú bù ú pé ó lé ní 28,000 ènìyàn tuntun tó ní in ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, tó sì pa ju 14,000 lọ.

Àtakò tó le jù tí wọ́n lè gbé ko mí lójú ni pé, bí ìtàn bá tilẹ̀ dá obìnrin láre, òun náà ló ṣì jókòó sílé pẹ̀lú kókó láyà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e, ká wo bó ṣe ń jókòó. Ní Rwanda, nígbà tí wọ́n wádìí àwọn aláìsàn tó wá sí ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Butaro, wọ́n rí i pé oṣù márùn-ún ni obìnrin tó wà láàárín gbùngbùn wọn fi ṣòfò kó tó lọ bá oníṣègùn, oṣù márùn-ún mìíràn sì tún kọjá lẹ́yìn tó ti lọ, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ìdajì ìdádúró náà ti ọwọ́ ilé ìwòsàn wá. Ẹ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Obìnrin kan fọwọ́ kan kókó. Ó lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fún un ní ampiclox fún eéwo. Kò lọ. Ó lọ bá antí nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò, ó ní kó fi omi gbígbóná jó o. Kò lọ. Ó dé ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n wò ó, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ó kù kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ lára kókó náà, kí láàbù wò ó, kí wọ́n tún dán an wò bóyá irú tí òmóònù ń bọ́ ni, nítorí pé èyí ló máa sọ bóyá tamoxifen, oògùn oníhóró kan tí kò wọ́n tí wọ́n máa ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, lè ṣe é lóore. Ibòmíràn ni wọ́n sábà máa ń fi àyẹ̀wò yìí ránṣẹ́ sí, aláìsàn ló sì ń sanwó rẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni obìnrin yìí kàn. Lórí ìwé ilé ìwòsàn, wọ́n á kọ ọ́ pé ó pẹ́ kó tó wá.

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Láti 1987 tí UCH ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú onítànṣán, Ìbàdàn tàbí Èkó ni obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó nílò rẹ̀ ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ni wọ́n máa ń ṣe é látijọ́. Wọ́n ti lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí níbi tí ẹ̀rọ bá ti dára. Ọ̀nà Iléṣà sí Ìbàdàn lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ta ni yóò máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́? Ó ní láti wá ilé sùn, kó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyàwó ilé. Kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tó ti gbà ṣáájú, lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, owó ọwọ́ ló fi rà á, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń béèrè rẹ̀, kí oògùn tó wọ inú iṣan. Bí owó bá tán lẹ́yìn ìgbà kẹta, ó dúró. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá yan iṣẹ́ lódì, ó dúró. Mo rí ohun ìjọlójú kan níhìn-ín. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ilẹ̀ òṣómàáló. Àwọn ọmọ Iléṣà gbé aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ kò lè rí gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan àyàfi bí kòkó bá ti jáde. Wọ́n fi ìmọ̀ yẹn kọ́ ilé alájà, wọ́n fi rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Bí aṣọ ìbora bá lè ní ètò àsandíẹ̀, kò yẹ kí oògùn tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ máà ní in. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òfin tuntun ní 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà tàbí Orísunbáre kò tíì rí òfin náà lórí ìwé owó tí wọ́n nà án ní ilé ìwòsàn.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn lè sọ fún mi pé Ìmẹ̀sí kò ṣeé fi wé ọ̀ràn yìí, pé èéyi ní àjẹsára, jẹjẹrẹ kò ní. Mo gbà, mo sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ìwádìí hàn pé jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń mú àwọn obìnrin wa ní ọjọ́ orí tó kéré ju ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ, àti pé irú èyí tí òmóònù kò bọ́, tó ń yára, tó ń gbó oògùn lẹ́nu, pọ̀ láàárín wa. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,100 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú rí i pé ó tó ẹnì kan nínú méje tó jogún àbùkù tó lè fà á nínú àbùdá rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àwọn kan wà tí wọ́n tètè wá, tí wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, tí àrùn náà sì borí wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi. Bákan náà, mammogram, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọmú tí wọ́n gbójú lé nílẹ̀ òyìnbó, kò lè jẹ́ ìdáhùn fún wa lásán, nítorí púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa tó ní àrùn yìí kò tíì pé 50 ọdún, ẹ̀rọ náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí inú ọmú obìnrin tí kò tíì dàgbà.

Síbẹ̀, kì í ṣe àjẹsára nìkan ló ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí. Wíwọ̀n ọmọ kò wo àrùn kankan sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ ọjọ́ tí ìyá rí nǹkan di ọjọ́ kan náà tí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ rí i. Ní Mumbai, ní Íńdíà, wọ́n dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò lórí ọmú fún ogún ọdún, pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 150,000. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà ni wọ́n ń lọ fi ọwọ́ yẹ ọmú àti abíyá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wò ní ọdún méjì méjì. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 ni pé wọ́n ń rí àrùn náà nígbà tí kò tíì jìnnà, àti pé láàárín àwọn tó ti lé ní 50 ọdún, ikú rẹ̀ dínkù ní nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tí kò tíì pé ọjọ́ orí yẹn, wọn kò rí àdínkù ikú, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n èyí ni iṣẹ́ tí àwọn agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè ṣe láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà dé Ìmẹ̀sí, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi ń yẹ ikùn aboyún wò, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá rí kókó lára rẹ̀ ní ibi tí wọn yóò rán an lọ.

Ẹ̀rí ìyè tún gbọ́dọ̀ jáde sí ìta. Betty Anyanwu-Akérédolú ṣe èyí ní Ìbàdàn. Ní 1997 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ọmú. Kò fi pamọ́, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tó fi di aya gómìnà Oǹdó ní 2017, ogún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀. Ìwàláàyè rẹ̀ nìkan tó láti fi tako ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́jà. N kò sọ pé kí gbogbo ẹni tó yè máa kéde ara rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí àpá àyà, tàbí tí àwọn àna ń sọ pé wọ́n ti fa ìran jẹjẹrẹ wọlé, tó sì ní ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ ilé ọkọ, ní ìdí tó fi ń dákẹ́. Ẹrù wúwo ni ká ní kí aláìsàn tún máa polówó àìsàn rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè gbà. Ṣùgbọ́n nǹkan wà tí àwọn tí kò ṣàìsàn lè ṣe. Ìyálọ́jà lè jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ láìsí ẹ̀gàn. Ìjọ tí a bí ní Òkè Ooyè, tí ìjẹ́rìí ìwòsàn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìsìn rẹ̀, lè fàyè gba ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ fún àdúrà àti fún kímò nínú ìjẹ́rìí kan náà.

Àwọn ilé tó lè ṣe iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀ ju bó ṣe rí nígbà ayé Morley lọ. Wesley Guild ti wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ilé ìwòsàn LAUTECH tó wà ní Òṣogbo di ti Yunifásítì Ọ̀ṣun lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pín ogún wọn ní òpin 2020, tí ìjà ta ló ni ín sì dópin. ARGO, ẹgbẹ́ oníwàádìí jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà Ifẹ̀ dá sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York ní 2013, wà láàárín wa níbí. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé WHO là á kalẹ̀ pé láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin bá ti kọ́kọ́ fi kókó ọmú han òṣìṣẹ́ ìlera, ó yẹ kí wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́. Kí ìjọba Ọ̀ṣun máa kà á báyìí, láti ìlú dé ìlú: obìnrin tó fi kókó han nọ́ọ̀sì ní Ìmẹ̀sí-Ilé lónìí, ọjọ́ mélòó ló gbà kí èsì láàbù tó padà dé ọwọ́ rẹ̀, ta ló san owó rẹ̀, ta ló sì pè é nígbà tí kò padà wá? Kí wọ́n kọ ọ́ sí ara kádì kan tí obìnrin náà á máa mú lọ sílé nínú ọ̀rá, kí gbogbo ẹni tó bá gbà á wò lè rí ọjọ́ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, àti ilẹ̀kùn tó dá a dúró.